Béèrè Lọ́wọ́ Màmá Tíṣà: “Auntie Tuntun”

*Màmá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Iléeṣẹ́ tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ gbé e lọ sí Dúgbẹ̀, n'Ìbàdàn, láti oṣù kẹsàn-án, inú yàrá kan ló sì ń gbé títí di ìsinsìnyí. Bí ọdún bá ti yí, gbogbo wa la ó kó lọ bá a. A ti rí ilé sí Àkóbọ̀. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Pírámárì 4 ló wà. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ mẹ́fà, ó wà ní Pírámárì 1. Àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin.*

*Ọkọ mi ti rí ilé-ìwé kan ní Bódìjà tí ọkàn rẹ̀ fà sí. Wọ́n ní ìlànà ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń lò pọ̀ mọ́ ti Nàìjíríà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti pẹ́ n'Ìbàdàn ní kí n má da ara mi láàmú, pé ilé-ìwé mẹ́rin ló wà ládùúgbò tí à ń kó lọ, kí n ṣáà mú ọ̀kan. Ọjọ́ méjì péré ni mo lè fi wá wò wọ́n kí Kérésìmesì tó dé, n ò sì mọ ohun tí èèyàn ń wò.*

*Nǹkan méjì tún ń jẹ mí lọ́kàn. Ilé-ìwé Bódìjà ti ṣe ìdánwò fún àkọ́bí mi, wọ́n ní kó padà sí Pírámárì 3. Ọmọ tó gba ipò kẹrin nínú ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Òṣogbo! Èkejì, Yorùbá là ń sọ nílé. Wọ́n kọ “No Vernacular” gàdàgbà sára ògiri wọn, ọmọ tó bá sọ ọ́ á sanwó ìtanràn. Ṣé kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn nílé ni? Owó tí agbára wa ká kò ju 150,000 náírà lọ lórí ọmọ kan ní táàmù kan.*

*Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Òṣogbo*

Ọmọ mi, o kú ìmúra. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́rùn rẹ yìí ti wà lọ́rùn tèmi rí. Ní 1991, ọdún tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń di ẹrù wọn kúrò n'Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo. Ìgbà yẹn gan-an ni àwa ń di tiwa bọ̀ láti Adó-Èkìtì. Ilé ṣófo káàkiri, a sì rí èyí tó dáa tí owó rẹ̀ ò gani lára. Ilé-ìwé ló wá di ẹ̀fọ́rí. Tíṣà ni mí o, mo ti kọ́ni fún ọdún méjìlá nígbà náà, ó yẹ kójú mi là. Síbẹ̀, ògiri ni mo wò. Wọ́n ya àwòrán eku Mickey sára rẹ̀, wọ́n kun gbogbo fèrèsé, obìnrin tó ni ilé-ìwé sì ń ti imú sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Ọjọ́ náà ni mo sanwó.

Ọmọ mi kejì wọ Pírámárì 2 níbẹ̀. Bí mo bá bi í pé ta ni tíṣà rẹ̀, á ní “Auntie Tuntun”. Mo rò pé ìnagijẹ obìnrin náà ni. Mo tilẹ̀ fi ẹ̀bùn Kérésìmesì rán an, mo kọ “Auntie Tuntun” sára rẹ̀. Ó di ìpàdé òbí ní táàmù kẹta kí n tó mọ̀ pé Auntie Tuntun ti di márùn-ún. Kíláàsì kan, ọdún kan, tíṣà márùn-ún! Ọmọ náà ti jáwọ́ nínú kíkọ́ orúkọ wọn.

Nítorí náà, kí o tó wo ohunkóhun, béèrè èyí: tíṣà tó mú kíláàsì yìí lọ́dún tó kọjá, ibo ló wà lónìí? Má bi ẹni tó ni ilé-ìwé nìkan. Kí tíṣà fúnra rẹ̀, kí o wá bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ ti pẹ́ níbí, mà?” Bó bá ní ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́jọ, fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Bí mẹ́ta nínú wọn bá dá ọ lóhùn pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, o ti rí èsì rẹ gbà, kódà kí wọ́n ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Òbí máa ń rò pé orúkọ ìlànà ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ọmọ. Ẹni tó dúró níwájú ọmọ láti aago mẹ́jọ sí aago méjì ló ń kọ́ ọ. Ilé-ìwé tó gba owó gọbọi lọ́wọ́ òbí, tó wá ń san owó tí kò ká owó ọkọ̀ fún tíṣà, tíṣà ò ní dúró síbẹ̀. Ìjọba bá kéde pé àwọn ń gba olùkọ́, gbogbo wọn ló máa lọ. Mi ò dá wọn lẹ́bi, èmi náà lọ nígbà tèmi. Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè lẹ rí, ẹ ò rí ìsàlẹ̀.

Nípa ìwé-ẹ̀rí, NCE ló kéré jù tí ìlànà ilẹ̀ wa ní kí olùkọ́ ní. Àjọ TRCN tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, òfin ọdún 1993 ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe nǹkan tuntun. Ẹ̀tọ́ rẹ ni láti béèrè pé tíṣà mélòó ló ní NCE, mélòó ló forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ọmọ tó jáde girama lánàá tó ń retí JAMB ni wọ́n ń tì sínú kíláàsì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ràn ọmọdé gan-an. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí yunifásítì bá ti gbà á, Auntie Tuntun míì dé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Bódìjà wá kàn wàyí. Ó dùn mí láti ta ko ọkọ rẹ, ẹni tí mi ò rí rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ni mo wà. Láti Àkóbọ̀, kí ẹ gba General Gas bọ́ sí Baṣọ̀run kí ẹ tó kọjá sí Bódìjà, ọ̀nà náà kò jìn lójú máàpù. Àmọ́ máàpù kì í wọ ọkọ̀ ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bọ́ọ̀sì tó máa kó ọmọ tìrẹ máa kó ọmọ ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn, ó sì lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà tiyín ni yóò kọ́kọ́ dé, ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí o jí ní aago márùn-ún, oorun ni yóò fi gbogbo àárọ̀ sùn lórí tábìlì. Ìwọ sanwó kí ó lọ sùn ní Bódìjà. Tún wò ó báyìí: ara ọmọ gbóná ní aago mọ́kànlá, wọ́n pè ọ́. Bàbá rẹ̀ wà ní Dúgbẹ̀, ìwọ wà ní Àkóbọ̀, o ò tíì mọ ìlú. Ibi tí o lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, tàbí tí Micra kan ṣoṣo lè gbé ọ dé, ibẹ̀ ni kí o ti kọ́kọ́ wá.

Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ, mi ò bá a jà. Bi wọ́n pé ìdánwò wo ni àwọn ọmọ wọn ń ṣe jáde ní ìparí. Bó bá jẹ́ Common Entrance kan náà tí ọmọ gbogbo wa ń ṣe ni, orúkọ lásán lẹ ń sanwó lé lórí.

Ọjọ́ méjì tí o ní yẹn tó, bí o bá lò ó dáadáa. Má wá ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ṣe Carol. Gbogbo ilé-ìwé ló dára lọ́jọ́ Carol. Wá kí ìdánwò ìparí táàmù tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ nínú kíláàsì, má sì wá lọ́jọ́ Ẹtì, torí ìdajì ọjọ́ ni eré ìdárayá ń jẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, má wọlé. Dúró sí òdìkejì títì ní aago méje àbọ̀. Wo ẹni tó ń gba ọmọ lẹ́nu géètì, wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá pàṣán ni. Wo ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọmọ tó pẹ́ dé, torí ọmọ kì í fúnra rẹ̀ pẹ́, òbí rẹ̀ ló ń pẹ́.

Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì gbogbo ilé-ìwé tó ń ta bisikí, súwíìtì àti omi inú ọ̀rá. Ra bisikí lọ́wọ́ rẹ̀. Jókòó tì í. Kò sí ọ̀gá ilé-ìwé kankan tó mọ ilé-ìwé yẹn tó ìyá yìí. Ó mọ ọkọ̀ tó kó wá, ó mọ ọkọ̀ tó kó lọ. Tíṣà tó bá ń ra gààrí láwìn lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù kẹwàá kò tíì rówó oṣù gbà, ìyá náà á sì sọ fún ọ láìjẹ́ pé o bi í. Ọ̀nà yẹn ni mo fi mọ̀ pé ilé-ìwé kan tí mo fẹ́ bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì mi ti jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó oṣù mẹ́ta. Mo parí bisikí mi, mo dúpẹ́, mo lọ sílé.

Padà wá ní aago méjì kí o rí bí wọ́n ṣe ń tú ká. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé kan rí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé, ó pe orúkọ ọmọ, wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Wọn ò bi í ní nǹkan kan. Mi ò tún padà síbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni kí o wọlé. Wọ́n á mú ọ lọ sí ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n á fi yàrá kọ̀ǹpútà hàn ọ́. Dúpẹ́. Lẹ́yìn náà sọ pé o fẹ́ tọ̀, kí o sì ní ti àwọn ọmọ lo fẹ́ lò, kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá ń wojú ara wọn, o ti mọ̀ ọ́n. Wò ó bóyá omi wà, bóyá ilẹ̀kùn ń tì, bóyá ọṣẹ wà. Ọmọ tí ilé ìyàgbẹ́ ilé-ìwé ń rí lára kì í lọ, á mú un mọ́ra títí dilé, inú á sì máa run ún.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti wò ni ìwé iṣẹ́ ọmọ. Wọ́n á fẹ́ fi ti ọmọ tó mọ̀wé jù hàn ọ́. Ní rárá, kí o fi ọwọ́ rẹ fa èyíkéyìí yọ láàárín. Wo ọjọ́ tí wọ́n máàkì í kẹ́yìn. Wo ibi tí ọmọ ti ṣì í, kí o rí i bóyá tíṣà kọ ohun kan síbẹ̀ tàbí X pupa lásán ló fà. Mo ti rí ìwé kan tí ọmọ ti kọ ọ́ pé 7 lọ́nà 8 jẹ́ 54, tí wọ́n sì fún un ní máàkì tó yẹ kó jẹ́ ti 56. Tíṣà náà ò kà á, ó kàn ń fa lẹ́ẹ̀dì kọjá ni, torí ọmọ márùnlélógójì ló wà níwájú rẹ̀, òun nìkan.

Yẹ ilé náà wò pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé-ìwé àwọn ọmọdé wà lókè rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ilé-ìwé tó wà lórí ìsọ̀, tó sì ní àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ mi kì í gba ibẹ̀. Ti Ìbàdàn tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: omi. Ìlú tó rí omíyalé odò Ògùnpa ní 1980, tó tún rí àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ ilé-ìwé sétí odò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ́ ọ. Àkókò ẹ̀rùn ni ìwọ máa wá, odò á ti gbẹ, á dà bíi gọ́tà lásán lójú rẹ. Wo ara ògiri ilé tó wà nítòsí bóyá ojú omi ọdún tó kọjá ṣì wà níbẹ̀.

Owó wá ńkọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí ilé-ìwé bá dárúkọ 150,000 gẹ́lẹ́ fún ọ, ẹ ò lè san án. Fọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn rẹ̀, yunifọ́ọ̀mù wà, aṣọ eré ìdárayá, aṣọ ọjọ́ Ẹtì, ìwé tí wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ rà níta, owó PTA, owó pátì, owó ìrìnàjò afẹ́, lẹ́sìnnì tí wọ́n ní kò pọn dandan ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń parí iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe láàárọ̀. Àbíkẹ́yìn rẹ yóò sì jáde jẹ́lé-ó-sinmi pẹ̀lú gáùn àti fìlà bíi ti yunifásítì, owó nìyẹn náà. Wá èyí tó ń pe 90,000 tàbí 100,000, kí o sì ní kí wọ́n kọ gbogbo owó ọdún kan sórí ìwé kan ṣoṣo fún ọ. Béèrè ẹ̀dínwó ọmọ kẹta. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń fún. Nígbà tó sì jẹ́ pé táàmù kejì lẹ ń wọlé, bi wọ́n bóyá wọ́n á tún gba owó ìdàgbàsókè lọ́wọ́ yín nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀.

Ti àkọ́bí rẹ: ní kí wọ́n fi ìwé ìdánwò náà hàn ọ́. Bí wọn ò bá fẹ́ fi hàn, gbàgbé wọn. Bí o bá rí i, wo ibi tó ti ṣubú. Ilé-ìwé kan lè kọ́ ìdá ní táàmù kìíní, kí òmíràn fi í sí táàmù kejì. Ọmọ tí wọn ò tíì kọ́ ní nǹkan ò lè mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi, oṣù méjì pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ti tó o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó ka ìtàn tí kò sì lè sọ ohun tó kà, jọ̀wọ́ má fi ipò kẹrin tu ara rẹ nínú. Ipò kì í sọ ohun tí ọmọ mọ̀, ohun tí àwọn tó kù ò mọ̀ ló ń sọ. Bó ti wù kó rí, mi ò ní gbà kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn ní January. Ọmọ náà ti pàdánù ilé, ó ti pàdánù ọ̀rẹ́, ẹ tún fẹ́ gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó bá Pírámárì 4 lọ títí di July, kí ẹ wá jókòó sọ ọ́. Kó èsì ìdánwò rẹ̀ láti Pírámárì 1 lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí, káàdì àjẹsára àti lẹ́tà ìdágbére láti ilé-ìwé Òṣogbo. Gba lẹ́tà náà kí wọ́n tó gba ọlidé. Lẹ́yìn ìyẹn, o ò ní rí ẹni buwọ́ lù ú.

Mo fi “No Vernacular” sẹ́yìn torí ó ń bí mi nínú. Mo wọ ilé-ìwé ní 1961, ọdún kẹfà lẹ́yìn tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n ní kí n fi apá ọ̀tún kọjá lórí kí n fi kan etí òsì, mo kàn án, mo wọlé. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìṣirò ní kíláàsì kìíní. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ wá dán an wò tòótọ́: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba wọ́gi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Èmi ò tíì bọ́ sí ojú títì nítorí rẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí mo fojú rí. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní ilé-ìwé tí mo ṣiṣẹ́ fún ọdún kan lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, wọ́n ti fi ìtanràn dẹ́rù bà á. Ó fẹ́ tọ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé ọwọ́ sókè, tíṣà ní “Yes?”, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e sókè. Ìgbà tí a rí omi nílẹ̀ lábẹ́ àga rẹ̀ ni ohun tó fẹ́ sọ yé wa.

Nítorí náà, rárá, má yí èdè ilé rẹ padà. Sọ Yorùbá fún wọn, Yorùbá tó jinlẹ̀, pẹ̀lú àlọ́ àti òwe, kí bàbá wọn sì máa ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí wọn létí lálẹ́ bó bá tètè dé. Ilé-ìwé tó bá ní ká sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú kíláàsì, mo lè bá a gbé. Èyí tó ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin torí ó fi ẹnu ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, àbíkẹ́yìn rẹ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Bí ìwọ náà bá dé ilé-ìwé Àkóbọ̀, bi wọ́n pé ta ló ń kọ́ Yorùbá, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ní “gbogbo wa la lè kọ́ ọ”, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ.

*Màmá, mo kí yín láti Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Ọmọ-ọmọ mi wà ní Pírámárì 5 l'Ékòó, kò tíì pé mẹ́sàn-án àbọ̀. Ilé-ìwé rẹ̀ ní àwọn ò ní Pírámárì 6, pé ó máa bọ́ sí JSS 1 lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ń yọ̀. Ara tèmi ò lélẹ̀. Ṣé ayé ti yí ni?*

*Bàbá Àgbà*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àgbà. Ayé yí, ṣùgbọ́n kò yí débẹ̀. Mẹ́fà tó ṣíwájú nínú ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó yọ ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ Pírámárì 6 ni Common Entrance ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ tí NECO ń ṣe wà fún. Àwọn ilé-ìwé aládàáani ló gé e kúrù, torí òbí fẹ́ràn kí ọmọ wọn yára, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní girama lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ọmọ kún.

Ọpọlọ ọmọ náà lè gbé e, n ò jiyàn. Ọ̀rọ̀ ara ni mò ń sọ. Á kéré jù nínú kíláàsì fún ọdún mẹ́fà. Àwọn tó kù á ti máa bàlágà, òun á ṣì máa wá ẹni tí wọ́n jọ máa ta ayò. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kó lọ gbé inú ilé-ìwé ni, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọmọ tí kò tíì lè fọ ṣòkòtò ara rẹ̀ kò yẹ ní bọ́dìn. Ẹ ní kí wọ́n wá ilé-ìwé tó ní Pírámárì 6 fún un, ó ṣì wà l'Ékòó, ẹni tó bá wá a á rí i. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yin àgbà ò mọ nǹkan, ẹ fi lẹ́tà mi hàn wọ́n. Wọ́n á ní èmi náà ò mọ nǹkan, ṣùgbọ́n a ti di méjì.

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé aládàáani kan n'Ìbàdàn. NCE ni mo ní. Ọdún kẹta mi nìyí níbẹ̀, kò sí ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń yọ owó lára owó oṣù mi nígbà ọlidé. Ilé-ìwé míì pè mí pé kí n wá ní January. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kọ mí lóminú. Ṣé kí n lọ?*

*Auntie Pírámárì 2*

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́yìn tí mo parí ìdáhùn Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, mo sì ní láti gbé gègé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin yẹn, ọmọ Auntie Tuntun, ti pé ọmọ ogójì ọdún báyìí.

Kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ yìí, má dúró di ọlidé. Béèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́, béèrè owó oṣù tó pé ní ọlidé, sọ fún un ní tààrà pé wọ́n ti pè ọ́ níbòmíràn. Bó bá gbà, kọ́ àwọn ọmọ rẹ parí ní July. Bí kò bá gbà, lọ. O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, sọ fún àwọn ọmọ náà fúnra rẹ pé ò ń lọ, kí o sì kọ orúkọ rẹ tó pé pérépéré sójú pátákó fún wọn.

Ìyá Ìbejì ní Ìkìrun, lẹ́tà yín lórí ọmọ tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó di oṣù tó ń bọ̀. Kí oṣù ọ̀hún tó pé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ọwọ́ náà.